Kùrukùru Tí Ìyá Fótò Nù Dànù

Káfíńtà kan wà tí gbogbo àdúgbò sọ ní Káfíńtà Ọ̀run. Kì í ṣe pé ó ń kan pósí o. Ìràwọ̀ ló gbà á lọ́kàn. Bí ó bá gbójú sókè lálẹ́, ìgbín á gun igi, á tún sọ̀ kalẹ̀, ọrùn ọkùnrin yìí kò ní tíì yí padà.

Àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ kan ló ń lé. Wọ́n ṣù jọ bí ọmọ adìyẹ tí òjò ká mọ́ ìta, kùrukùru aláwọ̀ búlúù sì yí wọn ká. Ojú lásán kò lè rí kùrukùru yẹn. Kámẹ́rà ló ń rí i, tí ó bá tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìràwọ̀ kì í dúró sójú kan: bí èèyàn bá kàn gbé kámẹ́rà kalẹ̀, gbogbo wọn á fà gbọọrọ bí òwú.

Ọkùnrin wa fi ọgbọ́n káfíńtà sí i. Ó fi híńjì so pákó méjì pọ̀ bí ìwé, ó de kámẹ́rà mọ́ ti òkè, ó sì ki bóòtù onírin gígùn kan bọ ti ìsàlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ lè máa ti pákó òkè. Bí ó bá ti ń yí bóòtù náà díẹ̀díẹ̀, pákó òkè á máa là, kámẹ́rà á sì máa bá ìràwọ̀ rìn.

Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀, Ìyá Fótò, ló ni kámẹ́rà. Nísàlẹ̀ ilé wọn ló ti ń ya páásípọ́ọ̀tì, kò sì sí ẹni tó mọ ojú tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà bíi tirẹ̀. Ó ń nu irorẹ́, ó ń nu àpá, ó lè nu ìbànújẹ́ ọdún méje kúrò lójú opó. Ọkùnrin kan tilẹ̀ gba fótò ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó ti yá ọkọ rẹ̀ ní kámẹ́rà náà lóru mẹ́ta. Fótò òru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bàjẹ́.

"Tòní ló kẹ́yìn," ló wí. "Iṣẹ́ ni mo fi ń ṣe. Bí ìrì bá wọ inú rẹ̀, ṣé ìràwọ̀ ló máa wá bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Ìyá Fótò, bí mi ò bá rí kùrukùru yẹn lónìí, mi ò ní béèrè mọ́ láéláé."

"Mo gbọ́. Ògiri náà gbọ́."

Káfíńtà gun orí òrùlé pẹrẹsẹ ilé wọn lọ. Á ka oókan dé ẹẹ́ẹ̀dógún, á yí bóòtù díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi pé àwọn mìíràn yó, wọ́n fẹ́ dá ṣẹ́ńjì padà. Ọgọ́fà fótò ló yà. Nígbà tí ó wo ìkan lójú kámẹ́rà, kùrukùru náà wà níbẹ̀, fẹ́lẹ́ bí èémí ọmọ tuntun. Ó kù díẹ̀ kó fò ṣubú. Ó gbé kámẹ́rà sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sùn, ó ń hanrun tí ilé kẹta fi ti fèrèsé.

Ní àárọ̀, èrò páásípọ́ọ̀tì ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Fótò fẹ́ ṣe ọkọ rẹ̀ lóore: ó kó ọgọ́fà fótò náà sórí kọ̀ǹpútà, ó tò wọ́n lé ara wọn di ẹyọ kan, gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń sọ. Ìràwọ̀ yọ. Ó wá rí àbàwọ́n lára wọn. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ó nù ún, ó nù ún, títí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan fi dúró ketekete bí eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Lẹ́yìn náà ló pa gbogbo ìyókù rẹ́, kí àyè lè wà fún àwọn oníbàárà.

"Ẹ wá wò ó o!" ló pè é. "Mo ti bá yín tún un ṣe."

Káfíńtà wò ó. "Ìyá Fótò, kùrukùru dà?"

"Ìdọ̀tí yẹn? Mo ti nù ún."

"Ọgọ́fà tí mo yà ńkọ́?"

"Mo ti pa wọ́n rẹ́. Ṣé ẹ ò rí èrò ni?"

Ọkùnrin tí ó ń sín tí páànù ń ṣí rọra fẹ̀yìn rìn. Ó jókòó sórí àpótí ibi tí wọ́n ti ń ya fótò.

"Bàbá," obìnrin kan wí lórí ìlà, "ẹ̀yìn mi lẹ wà o."

Ìyá Fótò kò rẹ́rìn-ín. "Àbí ìdọ̀tí yẹn gan-an lẹ tìtorí ẹ̀ ń gun òrùlé?"

"Òun ni."

Ìyá Fótò fọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Káfíńtà ń fá pákó nínú ìsọ̀ rẹ̀. Pákó tó yẹ kó di ilẹ̀kùn ti fẹ́ di igi ìṣáná. Ìyá Fótò wọlé, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, bátìrì rẹ̀ kún.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká gòkè."

"Mo ní mi ò ní béèrè mọ́."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ béèrè?"

Wọ́n gòkè. Ọkọ ń kà, aya ń yí bóòtù. Àádọ́rùn-ún ni wọ́n yà kí ìkùukùu òjò tó bo ojú ọ̀run. Káfíńtà ṣí ìkan fún un. Ìyá Fótò na àtàǹpàkò, ó fẹ́ nu ojú kámẹ́rà, ó tún fà á sẹ́yìn.

"Kì í ṣe ìrì?"

"Kì í ṣe ìrì."

Ó wò ó pẹ́.

"Kò burú," ló wí. "Ká tún wá lọ́la, àádọ́rùn-ún kéré. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó máa yí bóòtù o. Ọwọ́ yín ti wúwo jù."