Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Ojú wọn pàdé láàárín èrò. Ibùdókọ̀ ìlú Kharkiv ni, ní Ukréìn, lọ́sẹ̀ tí ogun Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀, tí bọ́ǹbù ń dún bí ààrá lẹ́yìn ilé, tí kálukú sì ń wá ọ̀nà àtisá. Moṣọpẹ́ ń sunkún sínú fóònù fún ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tó gbójú sókè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró ti bọ́ọ̀sì ń wò ó. Àyà rẹ̀ já, kì í sì í ṣe nítorí bọ́ǹbù nìkan.

"Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọ́," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí, "o ò sì mú gàrí dání?"

Moṣọpẹ́ rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé. Olúmidé Fáṣadé lorúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ìṣègùn ló ń kọ́. Bọ́ọ̀sì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà háyà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ìjókòó kan ṣoṣo ló ṣófo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ti Olúmidé ni. Ó wo ìjókòó náà, ó wo Moṣọpẹ́, ó ní kó wọlé, òun á bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ wá.

Ó yẹ kí Moṣọpẹ́ kọ̀. Kò kọ̀. Kò tilẹ̀ díbọ́n bí ẹni tó fẹ́ kọ̀. Ó ti jókòó kí Olúmidé tó sọ̀rọ̀ tán. Ojú fèrèsé ni Olúmidé ti na àpòòwé kan sí i, lẹ́tà tó ti kọ sí ìyá rẹ̀ láti alẹ́ àná. Ó ní bí òun bá pẹ́ lẹ́yìn, kó bá òun fi jíṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì. Moṣọpẹ́ gbé tirẹ̀ lé e láti inú. Ọkọ̀ ṣí.

Kò sí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́. Bọ́ǹbù já lu ilé tí Olúmidé sá sí. Póláńdì ni Moṣọpẹ́ wà nígbà tó gbọ́.

Nígbà tó fi máa délé, tó sì lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, àwọn àgbà ẹbí ti túfọ̀ fún ìyá Olúmidé. Lẹ́tà wà nínú báàgì rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sì ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó sọ ọ́, àbúrò Olúmidé gbé omi wá, ọmọbìnrin kan tí eyín rẹ̀ funfun báláú. Moṣọpẹ́ kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀bi tó wà lọ́kàn rẹ̀ sì ti mú kó máa fi "ẹ" bá gbogbo ará ilé náà sọ̀rọ̀, tọmọdé tàgbà. Bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń pe òun fúnra rẹ̀ nílé ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ ṣé o, Eyínfúnjowó."

Gbogbo ará ilé yíjú sí i. Ta ló ń fi ẹwà pe ọmọ ilé, bí kì í bá ṣe ìyàwó tí kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ?

Màmá Fáṣadé dì mọ́ ọn. Ó ní òun mọ̀, ó ní ọmọ òun kò lè lọ láìfi ẹnì kan sílẹ̀ fún òun. Moṣọpẹ́ ì bá là á yé e. Àmọ́ ọwọ́ ìyá náà gbóná lọ́rùn rẹ̀, òun náà sì ti ń lálàá rẹ̀ tipẹ́, pé ká ní ogun ò jà ni, ojú tó pàdé yẹn ì bá di ìgbéyàwó. Ó dákẹ́. Lẹ́tà náà dákẹ́ sínú báàgì, nítorí ẹni tó kọ ọ́ kò tíì mọ Moṣọpẹ́ nígbà tó ń kọ ọ́.

Bó ṣe di ìyàwó nìyẹn. Bí Sátidé bá ti dé, á gun ọ̀kadà láti Ìjẹ̀bú-Òde, á lọ bá ìyá rin ewùrà tí wọ́n fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́. Simeon, àbúrò bàbá Olúmidé, á ní ìyàwó wọn yìí, ìka rẹ̀ ló ń rin, kì í ṣe ewùrà. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Orí ẹja ni Màmá máa ń bù fún un. Bó bá wá béèrè ìdí tí Olúmidé kò fi wọkọ̀, Moṣọpẹ́ á ní ọkọ̀ ti kún. Ọkọ̀ kún lóòótọ́. Òun ló mú kó kún.

Ní Sátidé kan, Màmá pa iṣẹ́ tì, ó wọ yàrá, ó mú iyùn jáde. Ìyá ọkọ òun ló fún òun, ó ní ìyàwó Olúmidé ló tọ́ sí. Ó so ó mọ́ Moṣọpẹ́ lọ́rùn, ó padà sídìí ewùrà rẹ̀. Bó ṣe ń rin ín ló sọ̀rọ̀.

"Mo máa ń rò ó. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, ṣé kò sí ẹnì kan tó lè sún fún un ni?"

Moṣọpẹ́ tú iyùn náà. Ó yíjú sí Eyínfúnjowó tó ń ṣa ẹja.

"Adébùsọ́lá," ni ó pè é. "Jọ̀ọ́, bá mi gbé báàgì mi wá."

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ rí. Ọwọ́ Màmá dúró lórí ewùrà.

Moṣọpẹ́ kúnlẹ̀. "Ìjókòó Olúmidé ni mo jókòó sí, mà. Kò fẹ́ mi o. Ojú wa kàn pàdé ni."

Ó gbé iyùn sílẹ̀, ó yọ lẹ́tà Olúmidé nínú báàgì tí ọmọ náà gbé dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Màmá.  Màmá nu ewùrà ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ọwọ́ kan, lẹ́yìn náà ìkejì, ó sì gbà á.