Ìdákẹ́jẹ́ Ìṣẹ́jú Kan

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu ni. Kí n tó rọ́ ọ, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó rẹ̀ mí.

Bàbá mi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ló ń ka ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ní oṣù yìí ni ìgbìmọ̀ ìjọ sọ pé ohùn rẹ̀ ti kú, pé àwọn tó jókòó lẹ́yìn kì í gbọ́ nǹkan kan, kí ó gbé Bíbélì fún ẹlòmíràn. Mo ní irọ́ ni, ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ táìlì mọ́ ògiri yí ká ni ilé náà ti ń da ọ̀rọ̀ pọ̀. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá kó tó di ọjọ́ Ìsinmi.

Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà mi tó ń wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó kọ ọ́ ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún un ṣe. Yóò mú kí sípíkà ké láti ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá títí dé ohùn ẹ̀fọn, máìkì yóò sì gbọ́ bó ṣe pẹ́ tó kí ilé tó jẹ́ kí ohùn náà lọ. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ló ń fẹ́. Ìṣẹ́jú kan ọ̀hún ni mo fi odidi ọjọ́ mẹ́ta wá. Bí sípíkà bá ti ké báyìí, ẹni tó ń kọjá á yọrí lójú fèrèsé: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ṣé kí n má dáhùn ni? Kí wọ́n lè ní ọmọ Bàbá kò lẹ́kọ̀ọ́? Mo máa dáhùn, iṣẹ́ á bàjẹ́, mo máa tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án àná, mo ní kí ètò náà máa dá ṣe é lọ, mo bá gbé orí lé bẹ́ǹṣì.

Ògiri wúkọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí.

"Oòo, ẹ ṣeun," ni mo wí. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ó ní, "Ohùn bàbá rẹ wà lọ́wọ́ mi. Táìlì yìí kò jẹ́ n ríbi gbé e sí, ni mo ṣe ń jù ú padà fún yín."

Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Ó ní òun kò lọ́wọ́, kí n lọ sí ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì náà ń léfòó lábẹ́ òrùlé, wọ́n fi okùn agogo so ó kó má baà lọ. Mo di ohùn sípíkà mú, bó ṣe ń gòkè ni mo ń bá a gòkè. Nígbà tó dé ohùn ẹ̀fọn, mo sọ̀ kalẹ̀ níwájú Ọ̀gbẹ́ni Àríyìbí, akọ̀wé ìgbìmọ̀ wa.

"Ètò tí o fi ń wọn nǹkan yìí, ta ló ni ín?"

"Gbogbo ayé ni, sà."

"Ó dáa. Kí gbogbo wọn wá fọwọ́ sí i."

Wọ́n sì wá. Obìnrin kan ti ìlú òtútù dé, yìnyín wà léjìká rẹ̀. Àwọn kan ru kọ̀ǹpútà bí ẹni ru igi. Ìlà wọn kọjá òkè. Ẹnì kọ̀ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo dáhùn títí ètè mi fi bó.

Ọ̀gbẹ́ni Àríyìbí ní, "Ó ku ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣàánú, sà. Ìwé kíkà yẹn nìkan ló kù fún bàbá mi láyé."

Ó fẹ́ dáhùn, ìwo yọ lórí rẹ̀. Ó di ewúrẹ́, dígí ṣì wà lójú rẹ̀, ó sì ń jẹ fáìlì mi. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀yin náà mọ ìgbìmọ̀ wa. Lọ́ọ̀ọ́kán, mo rí Bàbá níbi tí wọ́n ti ń ka ẹ̀kọ́. Ó ń la ẹnu, kò sí ohùn. Mo sunkún. Ewúrẹ́ la ẹnu láti ké, ọwọ́ kan jáde lára ògiri, ó pa á lẹ́nu dé. Gbogbo ayé wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo jí. Oòrùn ti yí. Ìlà kan wà lójú kọ̀ǹpútà, ó sọ̀ kalẹ̀ geere láti òkè dé ilẹ̀, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ sí i: sẹ́kọ́ńdù mẹ́ta àtààbọ̀ ni ilé fi di ohùn mú kó tó jẹ́ kó lọ. Ẹ̀rí mi nìyẹn. A kì í kúkú kí ẹni tó ń sùn.

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn níbẹ̀, ó gbá ewúrẹ́ Ìyá Abọ́sẹ̀dé, aládùúgbò ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ra, ó fi ọwọ́ méjèèjì pa á lẹ́nu dé.

"Ṣé kí n tú u sílẹ̀?" ló bi mí.

*Sílẹ̀, sílẹ̀, sílẹ̀,* ni ilé ń wí. Mo ka sẹ́kọ́ńdù títí ohùn rẹ̀ fi lọ.

Mo ní, "Ẹ tú u sílẹ̀, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o."