Góòlù Káfíńtà

Oṣù mẹ́fà gbáko ni káfíńtà fi ń na orúnkún rẹ̀ lára ògiri láràárọ̀, kó lè padà sórí pápá họ́kì lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá wọn, ẹ rọra o."

Lọ́jọ́ tó padà, ó sáré, ó gbá bọ́ọ̀lù, ó wọlé! Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Níbi tó ti ń tú bàtà rẹ̀ ní igun yàrá ìmúra ló ti gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ tó ṣọ́ gólì fún ẹgbẹ́ kejì, tó ń sọ fún àwọn eléré yòókù: "Èmi ni mo ní kí àwọn ẹgbẹ́ mi yà fún un. Mo tún lasẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè kọjá. Ó tó, kó máa lọ jókòó sílé."

Káfíńtà dìde láti jáde. Orúnkún rẹ̀ dún kẹ̀kẹ̀, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.