Ta Ló Kọ Wá Sí Ọ̀wọ́ Kìíní?

Ìyá Sípánà ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi ìka tó ní gírísì tẹ̀lé orúkọ náà, kí ojú má baà tàn án jẹ. Ojú ò tàn án. Orúkọ Kékeré, ọmọ àbúrò rẹ̀ tí òun ń bá tún kẹ̀kẹ́ ṣe, wà nínú ọ̀wọ́ kìíní, láàárín àwọn ọkùnrin tí itan wọn tó òpó ilé. Ayọ̀ ló yẹ kó yọ̀. Àyà rẹ̀ já ni.

Eré kẹ̀kẹ́ orí òkè ni, ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Ogún obìnrin tí ẹsẹ̀ wọn yá jù ló ń du ipò láàárín ara wọn, àmọ́ wọn kì í jọ gbéra. Wọ́n á pín wọn mọ́ àwọn ọkùnrin ni. Ọ̀wọ́ kìíní á gbéra ní aago méje, ọ̀wọ́ kejì á tẹ̀lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn alákòóso ní kò sí ìyàtọ̀, pé aago ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ń ka tirẹ̀ lọ́tọ̀. Irọ́ tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sì lọ̀, ni. Obìnrin tó wà ní ọ̀wọ́ kìíní á sá pamọ́ sẹ́yìn ọkùnrin gìrìwò kan, atẹ́gùn ò ní fọwọ́ kàn án. Èyí tó wà ní ọ̀wọ́ kejì á dé ọ̀nà tóóró inú igbó, níbi tí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ti lè kọjá, á bá àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ti màlúù tó ti rẹ̀. Á dúró. Aago rẹ̀ ò ní dúró. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, aago ọjọ́ kìíní yẹn náà ni wọ́n á fi pín ọ̀wọ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn á tún wà lẹ́yìn.

Ọdún mẹ́fà ni Kékeré ti wà lẹ́yìn. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Kékeré náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ kan ti kéde pé àwọn máa mú obìnrin márùn-ún tó bá ṣíwájú, pé wọ́n á máa gun kẹ̀kẹ́ fún àwọn fún odindi ọdún kan. Kékeré sì ti búra pé bí òun ò bá sí nínú àwọn márùn-ún yẹn, òun á so kẹ̀kẹ́ rọ̀ sára ògiri, ó parí.

Ta ló wá ṣe wọ́n lóore yìí? Ìyá Sípánà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò tíì sí ẹni tó ṣe é lóore tí kò padà wá gba nǹkan.

“Ìyá Sípánà, ẹ kú oríire o!”

Tíṣà ni. Obìnrin gíga kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò, tí Kékeré ò tíì ṣáájú rẹ̀ rí nínú eré. Ọ̀wọ́ kejì ni orúkọ tirẹ̀ wà.

“Oríire kí ni?”

“Ọ̀wọ́ kìíní kẹ̀! Àwa ará ẹ̀yìn á máa bá yín gbé eruku mì.” Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá Sípánà ka eyín rẹ̀, ó pọ̀ jù fún ẹ̀rín tòótọ́. Tíṣà na ìwé kan sí i. “Ẹ bá mi fi èyí han Kékeré. A fẹ́ kí gbogbo àwa ogún jọ gbéra, obìnrin pẹ̀lú obìnrin, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn alákòóso ti gbà, bí gbogbo wa bá tọwọ́ bọ ìwé kí aago márùn-ún tó lù. Bí ẹnì kan bá kọ̀, ètò wọn ò ní yí padà.”

“Mélòó ló ti tọwọ́ bọ̀ ọ́?”

“Mọ́kàndínlógún.”

“Àwọn márùn-ún yòókù tó wà ní ọ̀wọ́ kìíní ńkọ́?”

“Wọ́n ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá lójú, kí ló fẹ́ bẹ̀rù?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọlé, ó gún un. Kò gba ìwé náà. Ó ní òun ń bọ̀, ó sì yà sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó ń rò ó. Ó lè jẹ́ pé wọ́n dìídì kọ Kékeré síwájú ni, kí wọ́n lè pariwo ojúsàájú tó bá di ọjọ́ kẹta, kí wọ́n lé e dànù. Ó lè jẹ́ Akọ̀wé eré. Lánàá ni Akọ̀wé bá wọn gbé àpótí irinṣẹ́ wọlé, tó ń béèrè bóyá Kékeré ti lọ́kọ. Ọkùnrin wo ló ń gbé àpótí irin lásán?

Ó wọ ọ́fíìsì Akọ̀wé lọ. Yàrá tóóró kan ni, tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, òkìtì fọ́ọ̀mù tó ga dé ìgbáyà.

“Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́.”

“Ẹ ṣeun, Màmá. Ṣé kò sí o?”

“Ó wà. Ta ló kọ ọmọ mi sí ọ̀wọ́ kìíní?”

Akọ̀wé fẹ̀yìn ti àga. “Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń bá mi jà pé mi ò kọ àwọn síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá jà pé mo kọ yín síbẹ̀.”

“Mi ò jà. Mo béèrè ni.”

“Kọ̀ǹpútà ló pín in, Màmá.”

“Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ wá rí.”

Akọ̀wé mí kanlẹ̀, ó tú fọ́ọ̀mù, ó fa ọ̀kan yọ, ó sì tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ìyá Sípánà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Kò pẹ́ kó tó mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, lẹ́tà rẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí ebi ń pa. Níbi tí wọ́n ti béèrè aago tí eléré lò nínú eré tó gùn kẹ́yìn, ó ti kọ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta.

Eré ọjọ́ òjò nìyẹn! Odò kún bo afárá pákó lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dá gbogbo eléré padà ní ìdajì ọ̀nà. Sátífíkéètì kò sọ̀rọ̀ odò, aago nìkan ló wà lára rẹ̀. Bó ṣe rí i ló ṣe dà á kọ, bí ọmọ iléèwé tó ń da iṣẹ́ ojú pátákó kọ. Kọ̀ǹpútà ka ìdajì ọ̀nà sí odindi, ó sì sọ Kékeré di ìjì.

“Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀?” Akọ̀wé béèrè.

“Kò sí o. Kò sí nǹkan kan.”

Akọ̀wé tún wo fọ́ọ̀mù náà. Ó pẹ́ lójú Ìyá Sípánà kó tó dá a padà.

Ó jáde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló rántí èyí tó burú jù. Nínú àwọn ogún obìnrin yìí, ẹni méjì péré ló lọ sí eré ọjọ́ òjò: Kékeré àti Tíṣà. Tíṣà, oníṣirò! Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á rí orúkọ yẹn níwájú, kò ní ṣírò ó?

Yàrá tí wọ́n gbà wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kékeré dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì ti ògiri. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dojú dé láàárín yàrá, ṣéènì rẹ̀ ń dán.

“Kékeré, mo ṣe àṣìṣe nínú fọ́ọ̀mù.”

“Àṣìṣe wo?”

“Aago ọjọ́ òjò ni mo kọ síbẹ̀.”

“Ẹn-ẹ́n.”

Ìyá Sípánà dúró. Ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í dáhùn báyẹn. Ó súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì náà, ó wo ojú ọmọ àbúrò rẹ̀. Ọmọ náà ń wo òrùlé.

“O ti mọ̀.”

“Ẹ ní kí n bá yín kà á lẹ́yìn tí ẹ kọ ọ́ tán. Mo kà á.”

“O ò sì la ẹnu.”

“Kí ni kí n sọ, Màmá?” Kékeré dìde jókòó. “Ọdún mẹ́fà! Lọ́dún tó kọjá, bàbá kan dá kẹ̀kẹ́ dúró láàárín ọ̀nà tóóró, ó ń wá ìgò omi rẹ̀ nínú koríko. Ó ń sọ fún mi pé ‘pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́.’ Ìṣẹ́jú mẹ́ta! Ṣé aago gbọ́ pẹ̀lẹ́? Àwọn tó wà níwájú, ṣé wọ́n sàn jù mí lọ ni? Wọ́n wà níwájú lónìí nítorí pé wọ́n wà níwájú lánàá.”

Òótọ́ ni. Àmọ́ nǹkan mìíràn ló ń dun Ìyá Sípánà. Láti ọ̀sán ló ti ń fura sí Akọ̀wé, sí Tíṣà, títí kan kọ̀ǹpútà tí kò lẹ́mìí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹni tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan náà ni kò fura sí.

“Ìwé kan wà lọ́wọ́ Tíṣà,” ó ní.

“Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀. Mi ò ní tọwọ́ bọ̀ ọ́.”

“Ohun tí o ti ń fẹ́ láti ọdún mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Kò ní sí bàbá onígò omi níwájú ẹnikẹ́ni mọ́.”

Kékeré na ọwọ́, ó yí táyà kẹ̀kẹ́ náà. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré. “Tí gbogbo wa bá jọ gbéra, tí mo ṣì ṣe ìkẹsàn-án ńkọ́? Ta ni kí n wá dá lẹ́bi?”

Ìyá Sípánà jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ mọ irú ẹ̀rù yẹn, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó nu ọwọ́ mọ́ àkísà.

“Ọwọ́ mi ló kọ ọ́,” ó ní. “Tí aago márùn-ún bá fi lù tí o ò tíì tọwọ́ bọ ìwé, mo máa lọ sọ fún Akọ̀wé. Wọ́n lè lé wa. Kí wọ́n lé wa.”

“Ẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ mi?”

“Mò ń halẹ̀ mọ́ ọ. Ara mi sì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń sọ ọ́, wò ó.”

Kékeré wo ọwọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ó wọ bàtà láìsọ̀rọ̀, ó sì jáde. Ìyá Sípánà sáré tẹ̀lé e.

Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí aago márùn-ún lù. Tíṣà jókòó nìkan nídìí tábìlì kan nínú gbọ̀ngàn. Kékeré gba báírò, ó tọwọ́ bọ ìwé, ó tẹ̀ ẹ́ débi pé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Tíṣà fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tètè gbẹ.

“Òjò ọjọ́ yẹn pọ̀, àbí?” ó ní, láìgbé orí sókè.

Ìyá Sípánà di igi mọ́ ibi tó dúró sí. “Òjò wo?”

“Èmi náà ní irú sátífíkéètì yẹn, Màmá. Mi ò kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù ni. Eré tí táyà mi ti bẹ́ ni mo kọ, ìdí nìyẹn tí mo fi wà lẹ́yìn.”

“Kí ló dé tí ẹ ò fẹjọ́ wa sùn?”

“Tí mo bá fẹjọ́ sùn, wọ́n á gbé Kékeré sẹ́yìn, wọ́n á gbé mi síwájú. Àwọn mẹ́tàlá yòókù ńkọ́? Ogún orúkọ ni mo nílò.” Ó wá gbójú sókè wo Kékeré. “Àti pé ojú kòrókòró ni mo fẹ́ nà ọ́.”

“Ẹ máa bọ̀,” Kékeré ní. “Ẹ rọra má já bọ́ lójú ọ̀nà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì. Ìyá Sípánà ò rẹ́rìn-ín. Bí Tíṣà ṣe gbé ìwé náà, ó rí àpò ìwé funfun kan lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti lẹ̀ pa, tí wọ́n kọ ‘Akọ̀wé’ sí lára. Tíṣà yára sọ ọ́ sínú báàgì. Ó lè jẹ́ ẹjọ́ wọn ló wà níbẹ̀, tó ń dúró de aago márùn-ún. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò béèrè.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ní ọjọ́ kìíní eré, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ogún obìnrin jọ gbéra, wọ́n sì wọ ọ̀nà tóóró láìbá ọkùnrin kankan tó ń ti kẹ̀kẹ́. Tíṣà ló kọ́kọ́ dé òpin. Kékeré ṣe ìkẹfà. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlélógún ló wà láàárín òun àti ẹni karùn-ún.

Ìyá Sípánà di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú kó tó ṣubú. “Ta ló dí ọ lọ́nà?”

“Kò sẹ́ni tó dí mi lọ́nà.” Kékeré ń mí hẹlẹhẹlẹ, eruku bo ètè rẹ̀. “Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju tèmi lọ níbi òkè ìkẹyìn ni.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú? Mo rí obìnrin kan tó ń rìn yí kẹ̀kẹ́ rẹ po láàárọ̀...”

“Màmá.”

“Mo gbọ́.”

“Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wá omi fún mi, kí ẹ sì bá mi wádìí jíà tí onítọ̀hún fi ń gun òkè.”