Kọnkéré Inú Wákàtí Ráhù

“Ẹ má jẹ́ kó tú u! Mo ní kò gbọdọ̀ tú u!”

Ponnutáyì, ìyá arúgbó, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó dúró sẹ́nu géètì, ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ dínà níwájú ọkọ̀ kọnkéré. Àgbá ńlá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ń yí gbirigbiri, ẹ̀rọ tí yóò fa kọnkéré gòkè sì ti na ọrùn sókè. Ọjọ́ Ẹtì ni, aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn,” ni Másílámánì ọmọ rẹ̀ wí. “Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni mo dá fún wọn. Táyà ló jò lọ́nà.”

“Táyà jò o, kò jò o, wákàtí Ráhù, wákàtí burúkú tí a kì í dáwọ́ lé nǹkan tuntun, ti wọlé láti aago mẹ́wàá ààbọ̀. Ó di aago méjìlá kó tó jáde. Àbí o ti gbàgbé bàbá ẹ? Inú Ráhù ló da ìpìlẹ̀ ilé tiẹ̀, ó ní ojú ti là. Ọdún mélòó ló lò nínú ilé ọ̀hún kó tó kú?”

“Méjì, Ìyá.”

“Ìwọ náà mọ̀ ọ́n.”

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Másílámánì fi ṣe kọ̀ndọ́ bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí irú ọ̀mùtí tí kò tíì já sílẹ̀ nínú ọkọ̀, àmọ́ kò tíì borí ìyá rẹ̀ rí láyé.

Dẹ́rẹ́bà yọ orí jáde. “Alàgbà, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n po nǹkan yìí. Kì í ṣe ìrẹsì téèyàn lè dé sórí iná o. Tí a bá tú u nísinsìnyí, a ṣì rí i ṣe. Tó bá di aago méjìlá, mi ò sí níbẹ̀ o. Ẹ sì máa san ẹgbẹ̀rún rúpì lórí ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan tí mo bá fi dúró.”

Láyé àtijọ́, kò séwu. Ọgbọ̀n èèyàn ló máa ń tò lórí àkàbà, tí wọ́n á máa na agbada kọnkéré síra wọn lọ́wọ́ títí dókè. Bí Ráhù bá dé, wọ́n á ní kí wọ́n jókòó, wọ́n á bu tíì fún wọn, sìmẹ́ǹtì á sì wà nínú àpò rẹ̀ jẹ́ẹ́. Nísinsìnyí, àwọn tó ń ru agbada ti lọ sí ìlú Tiruppur lọ rán aṣọ ní ilé iṣẹ́, àwọn díẹ̀ tó kù sì ń bèèrè owó gegere. Ìdí nìyẹn tí Sudalai bíríkìlà fi ní kí wọ́n kúkú pe ọkọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínláàádọ́ta rúpì ni kọnkéré àti ẹ̀rọ tó fà á, wọ́n sì gbà á tán kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́gbà wọn. Òun ló kù nínú owó ìfẹ̀yìntì Másílámánì, kò sí kọ́bọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí Malarkodi ló ṣe ń kọ́ yàrá òkè náà. Ọkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí ń lù ú ní Madurai, oṣù tó kọjá ló fi ìkúùkù yọ eyín rẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti fàáké kọ́rí pé ọmọ tó kọ ọkọ kò ní bá àwọn ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò tíì lọ́kọ gbé ìsàlẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń wá ìyàwó ń bọ̀ wá wò wọ́n. Bí yóò bá padà wálé, kí ó ní yàrá tirẹ̀ lókè, kí ó ní àkàsọ̀ tirẹ̀. Másílámánì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ọmọ ní sùúrù, pé tí wọ́n bá ti da dẹ́kìn tó máa bo yàrá náà, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni, wọ́n á yọ igi abẹ́ rẹ̀, á sì máa bọ̀. Oṣù mẹ́fà rèé.

Sudalai yọjú láti òkè. “Ẹ̀gbọ́n, kí la ń dúró dè?”

Másílámánì wo ìyá rẹ̀, ó wo ọkọ̀. “Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀,” ló wí. “Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wá mu tíì.”

Wọ́n mu tíì. Àgbá ń yí, oòrùn ń mú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, dẹ́rẹ́bà fa rọ́bà omi, ó sì ń da omi sínú àgbá. Sudalai ju kọ́ọ̀pù nù.

“Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Kó dì mọ́ mi nínú àgbá kẹ̀? Ṣé ìwọ lo máa bá mi gbẹ́ ẹ?”

“Omi yẹn ló máa pa á! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kó máa gbé e lọ.”

“Owó mi ńkọ́?”

“Owó ti lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.”

Másílámánì kò lè sọ pé kí ó máa gbé e lọ. Bí aago méjìlá ti lù, ìyá rẹ̀ fọ́ àgbọn síwájú táyà láti fi súre, ó fi ata-ilẹ̀ pupa kun iwájú ọkọ̀, inú rẹ̀ dùn. “Ó yá, ẹ tú u wàyí.”

Omi ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni ògúlùtu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀pá ẹ̀rọ dí. Nígbà tí wọ́n fi máa da apá kejì, apá kìíní ti le, wọn kò sì lẹ̀ mọ́ra. Aago mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó parí.

Bí wọ́n bá da dẹ́kìn tán, onílé gbọ́dọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìrẹsì àti ẹran. Àwọn yòókù jókòó ti oúnjẹ wọn lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Sudalai nìkan ni kò jókòó.

“Wá jẹun,” Másílámánì wí.

“Mi ò lè jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe èmi ló máa yọ igi abẹ́ nǹkan yẹn. Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ tèmi dúró lábẹ́ ẹ̀. Fífọ́ ni ẹ máa fọ́ ọ.”

“Kí ni n ó fi ra òmíràn?”

“Mi ò mọ̀.” Omi lé sójú bíríkìlà náà. “Èmi ló yẹ kí n takú.”

Fóònù dún. Malarkodi ni, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó sápamọ́ sí balùwẹ̀.

“Bàbá, ṣé wọ́n ti dà á?”

“Wọ́n ti dà á.”

“Ó ṣẹ́ku ọjọ́ mọ́kànlélógún nìyẹn. Mo lè fara dà á.”

Másílámánì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú ilé, tó ń sọ fáwọn aládùúgbò pé wákàtí rere ni wọ́n dà á. Ojú tì í ju bí ojú ṣe ń tini lọ. Òun bàbá ló fi ọmọ sábẹ́ ìkúùkù fún oṣù mẹ́fà, nítorí àkàsọ̀.

“Má fara dà á mọ́,” ló wí. “Di ẹrù ẹ, gbé ọmọ ẹ dání. Bọ́ọ̀sì Tenkasi kan tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí ń kúrò ní Madurai ní aago márùn-ún. Jókòó síwájú, lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà. Mo máa dúró dè ẹ́ ní gáréèjì.”

“Níbo la máa sùn?”

“Nínú yàrá mi nísàlẹ̀.”

“Bàbá, ṣé Ìyá àgbà ti gbà?”

“Mi ò bi wọ́n,” Másílámánì dáhùn, ó sì wọlé lọ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kúrò nínú yàrá.