Ọkọ̀ Jámánì Mẹ́ta àti Ọ̀nà Oníkòtò

Àlá kan dé bá Mọ́ṣúdì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tó ti kírun àsùbáà tán, tó ní kí òun tún fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Bó ṣe rọ́ ọ fún wa ni mo ṣe fẹ́ rọ́ ọ fún yín. Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò sì yọ kúrò níbẹ̀. Ẹ sáà má bi mí pé báwo ló ṣe ṣeé ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó fa àlá ná. Mọ́ṣúdì ni awakọ̀ Kọmíṣọ́nnà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọdún méjì péré ló sì kù kó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ Ẹtì, Kọmíṣọ́nnà pè é wọ ọ́fíìsì, ó na ìwé aláwòrán kan sí i. Ọkọ̀ Jámánì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ bọ̀gìnnì tó ń sáré bí ẹni pé ilé ń jó: dúdú kan, funfun kan, pupa kan.

"Mọ́ṣúdì, ìwọ lo mọ ọkọ̀," ni Kọmíṣọ́nnà wí. "Tó bá di ọjọ́ Ajé, wàá sọ èyí tó mọ kọ́nà gbà jù fún mi. Tóo bá sọ ìsọkúsọ, ọkọ̀ akólẹ̀ lo máa wà títí wàá fi fẹ̀yìn tì."

Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ọ̀nà tí Kọmíṣọ́nnà yìí ń gbà wá síṣẹ́ kò ní kọ́nà mọ́. Kòtò ló kù. Àwa awakọ̀ tilẹ̀ ti sọ àwọn kòtò náà lórúkọ, ká lè máa kìlọ̀ fún ara wa: Jọ̀wọ́-Rọra wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, Gba-Táyà wà níwájú ilé ìwé, Alága sì jókòó sáàárín títì gbagidi. Mọ́ṣúdì fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó gbé e sùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ó wá di ojú àlá. Mọ́ṣúdì dé ibi iṣẹ́, ọ́fíìsì kò sí nílẹ̀. Ó ti gbéra, ó ń fò lọ fẹ́ẹ́rẹ́ lókè igi àgbọn. Kò ya Mọ́ṣúdì lẹ́nu rárá. Ó ní àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì yẹn kò kúkú tẹ ilẹ̀ rí. Màdáámù Ọdúnewu, akọ̀wé Kọmíṣọ́nnà, yọrí lójú fèrèsé.

"Mọ́ṣúdì, o mà pẹ́ o!"

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò rí àtẹ̀gùn ni."

"Àtẹ̀gùn wà lẹ́nu ìsinmi, ó di oṣù tó ń bọ̀. Gba fọ́ọ̀mù yìí, kóo kọ ọ́."

Mọ́ṣúdì buwọ́ lù ú. Bó ṣe gbé bírò kúrò, fọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ó gùn títí ó fi di títì, títì tó ń dán, tó ní ìlà funfun láàárín. Ó dára lójú púpọ̀, nítorí inú ìwé ló kúkú wà. Àwọn ọkọ̀ mẹ́ta ọ̀hún ti tò sórí rẹ̀, wọ́n ń mí.

Dúdú ló kọ́kọ́ kí i. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Èmi ni kẹ́ ẹ mú o. Bí mo bá wọ kọ́nà, bí ẹ̀kọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ewé ni mo ṣe ń lẹ̀ mọ́ títì."

"Ìyẹn ni kò fi dùn ún wà," ni Funfun dá a lóhùn. "Èmi máa ń ju ìdí díẹ̀ ní kọ́nà ní tèmi. Ẹni tó ń wà mí á mọ̀ pé òun wa ọkọ̀."

Pupa pòṣé. "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yin méjèèjì, ti iwájú kàn ń tẹ̀ lé e ni. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni tèmi fi ń rìn."

"Ta lò ń bú?" ni Funfun bi í.

"Ó tó," ni Mọ́ṣúdì wí, bí àgbàlagbà. "Ṣebí ìlú kan náà lẹ ti wá. Ẹ má dójú ti Jámánì níwájú àlejò."

Ibẹ̀ ni Kọmíṣọ́nnà ti sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ògì gbígbóná. Ó wọ ẹ̀yìn Dúdú, ó gbé abọ́ lé itan. "Wa gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ògì kò bá dànù nínú rẹ̀ ni ká rà. Tó bá dà sí mi lára, o mọ ibi tí ò ń lọ." Ọkọ̀ akólẹ̀ kan wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ní, "Ẹ má kánjú, Bàbá. Mo ti gbá ìjókòó yín."

Mọ́ṣúdì tẹ iná. Lórí ìwé, Dúdú gba kọ́nà méjì, ògì kò tilẹ̀ mì. Ní ìkẹta, ìwé ya. Ọ̀nà wa gangan yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, Alága sì jókòó sáàárín, ó dé fìlà omi ẹrẹ̀.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, Alága," ni Mọ́ṣúdì wí, ó rọra tẹ bíréèkì.

"Mọ́ṣúdì, ọmọ mi. Kí lẹ gbé wá lónìí?"

"Ọkọ̀ Jámánì ni, sà. A fẹ́ mọ èyí tó mọ kọ́nà gbà jù."

"Kọ́nà wo?" ni Alága bi í. Gbogbo kòtò ọ̀nà náà bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà níbí. Kò sí ọkọ̀ tí kì í dọ̀bálẹ̀ kí mi."

Dúdú kò dúró gbọ́, ó kọ̀, kò rìn mọ́. Obìnrin inú rẹ̀ tó máa ń júwe ọ̀nà sọ wẹ́rẹ́ pé, "Níbí yìí, kò sí ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sílé." Wọ́n bọ́ sínú Funfun. Ó ju ìdí lẹ́ẹ̀kan, ìdí yẹ̀. Wọ́n bọ́ sínú Pupa tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kòtò mẹ́rin sì pín wọn láàárín ara wọn. Ògì dà yàà.

"Ọ̀nà wa dára!" ni Kọmíṣọ́nnà pariwo. Bó ṣe sọ ọ́ ni irùngbọ̀n òbúkọ hù sí i lágbọ̀n, ìwo sì tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ tó wà nínú ọ́fíìsì, tí wọ́n ń wò ó láti òkè, dáhùn pé, "Ó dára, sà!" Gbogbo wọn di ewúrẹ́, wọ́n ń já bọ́, wọ́n sì ń jẹ títì tó wà nínú ìwé. Ohun tí Mọ́ṣúdì bèèrè kò ju pé bóyá kí òun ṣí fèrèsé, nítorí òórùn òbúkọ.

"Mọ́ṣúdì! Èwo ni?"

"Dúdú dára, sà." Nǹkan rìn ín lágbọ̀n. Irun ni.

"Lóòótọ́?"

"Funfun náà dára, sà." Etí rẹ̀ gùn.

Ẹ̀rù wá bà á gidi. Ó rántí Sìfáwù, ìyàwó rẹ̀, tí kò jẹ́ gba ewúrẹ́ láyè nínú yàrá. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi irú ojú báyìí wọlé? Ó ya ẹnu, ó fẹ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Bàbá Rọ́fìátù, fóònù yín ń dún!" Sìfáwù ló ń gbọ̀n ọ́n. "Ọ̀gá yín ni."

Mọ́ṣúdì kọ́kọ́ fọwọ́ pa àgbọ̀n wò kó tó gbé fóònù sétí.

"Mọ́ṣúdì, èwo ni?"

"Sà, kò sí ìkankan tó lè gba ọ̀nà wa yẹn. Ẹ bá wa ṣe ọ̀nà, sà." Sìfáwù gbọ́ ọ, ó káwọ́ lérí.

"Ta ló bi ọ́ léèrè ọ̀nà?" ni Kọmíṣọ́nnà wí. "A ti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lánàá. Wọ́n ti wà níta ilé mi. Èyí tí wàá kọ́kọ́ fọ̀ ni mò ń bèèrè."

Mọ́ṣúdì mí kanlẹ̀. "Funfun ni, sà," ló dáhùn. "Òun ni ẹrẹ̀ ọ̀nà yẹn máa hàn lára rẹ̀ jù."