Èlùbọ́ Orí Àpáta

Kí ẹnu ayé tó gbé e, ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́ síta: Sàrátù ló gbé ìdí ńlá rẹ̀ dí ẹ̀rọ lójú. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó kó èlùbọ́ tó sá sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, ó kọ̀. Ó tún wé gèlè, ó jókòó ti èlùbọ́ rẹ̀, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ ya àpáta, kí wọ́n ya òun mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin nìyí, Ìyá." Fọlákẹ́mi yí kọ̀ǹpútà sí i.

Lẹ́ẹ̀rùn èṣí ni ọmọbìnrin yìí kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá sí Ìrèsì. Ẹ̀rọ náà a máa ta ìmọ́lẹ̀ lésà sára òkè, a fi í wọn gbogbo ibi tí òkúta ti lanu. Ó tún padà wá báyìí láti mọ̀ bóyá àwọn ẹnu náà ti fẹ̀ sí i.

Sàrátù wo kọ̀ǹpútà. Òkè wà níbẹ̀ bí ohun tí wọ́n fi iyanrìn yà, ìdí òun fúnra rẹ̀ sì rèé láàárín, rìbìtì bí odó. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Yéè! Ẹ̀rọ wo ló máa wọn ìyẹn tán?"

Fọlákẹ́mi kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ò dí, mà. Òkúta yẹn ti ń ya kúrò lára òkè. Orí ilé yín ló máa já lé. Ẹ kó jáde lónìí."

"Lónìí kẹ̀?"

Yàrá tó fara ti àpáta ni Kàdíjátù, ìyàwó ọmọ rẹ̀, wà pẹ̀lú ìkókó. Ọ̀la ni wọ́n máa sọ ọmọ lórúkọ.

"Nílé wa, ìyá ìkókó kì í kọjá ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ. Ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí èmi náà yọjú. Èlùbọ́ mi lẹ̀rọ yín rí!"

"Ẹ kó o kúrò nígbà náà, ká tún un wọ̀n."

Sàrátù ń kùn, ó ń kó o. Ègé kan yọ̀ bọ́ sínú ẹnu àpáta. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ láti mú un. Lẹ́ẹ̀rùn èṣí, ìka lásán ni ibẹ̀ gbà. Lónìí, apá rẹ̀ wọlé dé ìgúnpá. Nísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan èlùbọ́ tó ti hu, òkìtì rẹ̀, èyí tó rò pé ewúrẹ́ Ìyá Ìbídùn, aládùúgbò rẹ̀, ló ń jẹ, tó sì ti ń torí ẹ̀ ṣépè fún un láti oṣù tó kọjá. Òkúta wẹ́wẹ́ dún wàrà nínú lọ́hùn-ún.

Ó fa ọwọ́ yọ.

"Ẹ má wulẹ̀ tún un wọ̀n mọ́," ló wí, ó ti ń sáré.

Ó já wọ yàrá, ó fi gèlè rẹ̀ wé ìkókó. "Dìde, ìyàwó mi. A ń jáde."

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní n ò gbọdọ̀ jáde."

"Ẹnu mi náà ló ní kí o jáde. Ó yá!"

Wọn ò dúró títí wọ́n fi dé abẹ́ igi òdòdó ní òdì kejì ọ̀nà. Ibẹ̀ ni Kàdíjátù ti rí apá ìyá ọkọ rẹ̀, tó bó, tí èlùbọ́ sọ di funfun dé ìgúnpá.

"Kí ló ṣe yín lápá?"

"Ihò àpáta ni. Ibẹ̀ lèlùbọ́ mi ń já sí láti ọjọ́ yìí."

Kàdíjátù gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ilé, ó wo àpáta.

"Ìyá, gbogbo ìgbà tí ẹ ń ṣépè fún ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́, ẹ ò tọwọ́ bọ ibẹ̀ rí?"